Ohùn Bàbá Mi Ni Mo Fẹ́ Gbọ́

Asùn-má-paradà, ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ìwàásù,

Ibà ò jẹ́ kí o gbọ́ nígbà tí ìyá aránṣọ ìsàlẹ̀ kanlẹ̀kùn. Àwọn náà tó máa ń tilẹ̀kùn mọ́ wa lójú ni. Ọkọ wọn ṣubú nílé ìwẹ̀, kò lè dìde. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ Mọ́mọ́nì, ẹ dákun, ẹ bá mi gbé e." Èmi àti Gíga, ará yàrá kejì, ń gbé bàbá náà lọ sí ọsibítù. Ẹnìkejì Gíga wà ní pálọ̀, yóò tọ́jú rẹ. Jẹun kí o tó lo oògùn, má ṣagídí.

Má bínú pé mò ń rìn káàkiri yàrá láti ìdájí; ara mi ò lélẹ̀. Ọ̀la ni Kérésì. Ìyá mi pè lánàá, wọ́n ní ara bàbá mi ti yá, kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ Olúwa, ṣùgbọ́n wọn ò gbé fóònù fún bàbá mi.

Mo fi fóònù sílẹ̀ fún ọ. Bí ìyá mi bá pè, má dárúkọ ọsibítù, àyà wọn á já. Sọ pé o fẹ́ kí bàbá mi kú ọdún. Bí o bá gbóhùn bàbá mi, sọ fún mi. Bí o ò bá gbọ́, má parọ́ fún mi.