Fọ́tò Táyé àti Kẹ́hìndé Tí Ẹ Ní Kí N Yà

Ìyá mi, Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìfojúsọ́nà. Ìdòwú yín ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ìwé yìí, nítorí ẹ̀yìn tó ń ro mí kò jẹ́ kí n lè ṣe é nílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́. Mo kí Àlàbá, àbúrò mi tó ń tọ́jú yín, tó sì ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Àlàbá, jọ̀ọ́, rọra kà á, má fo ibì kankan. Mo kí gbogbo ilé wa ní Ọ̀yọ́, tọmọdé tàgbà, àti àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n máa ń wá jókòó tì yín lẹ́yìn ìsìn.

Òtútù ti dé ní Manchester níbí, ilẹ̀ a sì máa tètè ṣú. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ búrẹ́dì, ilé dákẹ́ jù. Bí fíríìjì bá ń kùn, mo máa ń dìde lọ wò ó bóyá ó fẹ́ bàjẹ́. Bí kò bá kùn, mo máa ń dìde lọ wò ó bóyá ó ti bàjẹ́. Ohun tó gbà mí ni ẹgbẹ́ àwa àgbàlagbà kan tí a ń fi kámẹ́rà àtijọ́ ya fọ́tò, kámẹ́rà onífíìmù irú èyí tí ẹ̀yin mọ̀, tí èèyàn kì í rí ohun tó yà títí yóò fi fọ fíìmù náà.

Ẹ rántí ohun tí ẹ bá mi sọ lórí fóònù kí n tó wá sílé. Ẹ ní fọ́tò ìbejì yín, èyí tí onífọ́tò yà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ikú Kẹ́hìndé, òjò ti bà á jẹ́ lọ́jọ́ tí ìjì ṣí òrùlé. Mo mọ fọ́tò náà dáadáa. Táyé nìkan ló wà níwájú kámẹ́rà lọ́jọ́ yẹn, ọmọ kékeré. Wọ́n yà á lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bíi Táyé, wọ́n tún yà á gẹ́gẹ́ bíi Kẹ́hìndé, wọ́n sì pa méjèèjì pọ̀ sójú ìwé kan, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ìbejì tí ọ̀kan bá ti lọ. Mo rò pé irú rẹ̀ gan-an lẹ fẹ́. Ẹ ní rárá. Ẹ ní ojú Kẹ́hìndé lọ́mọdé kò lè kúrò lọ́kàn yín láéláé. Ohun tí ẹ fẹ́ rí kí ẹ tó re ilé ni bí yóò ti rí lágbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyé. Oorun kò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ yín ní Ọ̀yọ́ tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí Táyé ń gbé, mo kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà kọ́rùn, mo ń rìn kiri kí ọwọ́ mi lè rọ̀ díẹ̀. Ìyá mi, mo ṣìnà nílùú tí mo ti dàgbà. Ní àdúgbò Under G, níbi tí mo mọ̀ sí igbó tí a ti ń ṣa ìgbín, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ibẹ̀ pìtìmù, ìsọ̀ lórí ìsọ̀. Mo ya ọmọbìnrin kan tó ń din dùńdú. Ó ní kí n fi han òun. Mo ní kò tíì sí ohun tí a lè rí. Ó yí ẹ̀yìn kámẹ́rà mi wò, ó ní háà, Bàbá, ta ló yọ ojú ẹ̀ lọ? Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti ń rò ó pé bóyá fíìmù náà kò tilẹ̀ dì mọ́ ibi tó yẹ. Ní Sábó, bàbá Hausa kan tó ń ta àlùbọ́sà fi ojúlówó èdè Ògbómọ̀ṣọ́ bi mí pé ibo ni mo ti wá. Mo ní ọmọ ibí ni mí. Ó wo bàtà mi, ó wo kámẹ́rà, ó ní òun tí wọ́n bí sẹ́yìn ìsọ̀ yìí kò rí mi rí, àmọ́ kí n kú àbọ̀ ṣá. Ní Ọjà Igbó, mo béèrè ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò tó ya ìbejì yín nígbà náà. Fóònù ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀ báyìí. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ní àwọn kò mọ ẹni tó ń fọ fíìmù mọ́. Ohunkóhun tí mo bá yà, inú òkùnkùn ni yóò wà títí n ó fi padà sí Manchester.

Táyé ti múra dè mí. Ẹ mọ̀ ọ́n, télọ̀ ni. Bùbá méjì àti ìró méjì ló rán, aṣọ kan náà. Mo bi í pé kí ló dé tó rán méjì nígbà tó jẹ́ òun nìkan ni yóò wọ̀ wọ́n. Ó bínú. Ó ní ṣé aṣọ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀, tí òógùn òun ṣì wà lára rẹ̀, ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun wọ̀? Ó ní oríkunkun Ìdòwú kò tíì kúrò lára mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wá di báwo ni Kẹ́hìndé ìbá ti rí. Ìyá Rónkẹ́, aládùúgbò rẹ̀, dá sí i. Ó ní kí Táyé wọ awò ojú nígbà méjèèjì kí wọ́n lè jọra. Táyé ní rárá o, abẹ́rẹ́ ló ba ojú òun jẹ́, Kẹ́hìndé kò sì ránṣọ. Ìyá Rónkẹ́ ní iṣẹ́ wo ló wá ṣe? Táyé ní olùkọ́ ni, nítorí òun mọ̀ pé ìbá fẹ́ràn àtimáa pàṣẹ fún èèyàn. Ó bọ́ aago ọwọ́ mi, ó ní ti Kẹ́hìndé nìyẹn. Ìyá Rónkẹ́ ní kó fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n ló máa ń mú ẹran tó tóbi jù, kò lè rù tó báyẹn. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú Táyé, a sì ní láti dúró kó gbẹ.

Kámẹ́rà mi gbà kí èèyàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ojú fíìmù kan, bí kò bá ṣáà ti yí fíìmù náà. Mo fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, mo ya Táyé lórí àga apá òsì. Ó wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ. Mo gbé páálí sí ìdajì kejì. Ó jáde, ó jókòó sí apá ọ̀tún. Páálí yẹn ni mo tẹjú mọ́ kó má baà yẹ̀. N kò wo ojú rẹ̀ rárá. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó dún tán ni mo wá bi ara mi léèrè. Ṣé n kò ti yí fíìmù nígbà tí Táyé wà nínú ilé? Ó ti mọ́ ọwọ́ mi lára, mo lè ti yí i láìmọ̀. Bí mo bá yí i, wọn ò ní pàdé: obìnrin kan péré ni yóò wà lójú fíìmù kọ̀ọ̀kan, òkùnkùn ni yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bẹ Táyé pé ká tún un yà. Ó ti ń tú gèlè. Ó ní Kẹ́hìndé wá, ó jókòó, ó ti lọ; òun kò ní máa pè é wá, pè é lọ, bí ọmọ ọ̀dọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo gbé e sọdá òkun. Ní pápákọ̀ òfurufú, mo bẹ òṣìṣẹ́ kan kó má ti fíìmù náà bọ inú ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù, nítorí ó lè bà á jẹ́. Ó wò mí bí ẹni tó gbé oògùn olóró, ó fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí n máa lọ. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá pè mí tí ẹ ní fọ́tò ńkọ́, ọ̀rọ̀ òtútù ni mo máa ń sọ. Ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí n kò bá fọ fíìmù náà, ó ṣì ṣeé ṣe kí wọ́n wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó fọ̀ ọ́. Mo gbé fíìmù tútù náà síwájú iná. Méjì ni wọ́n, ìyá mi. Méjì lójú kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo wá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo rí ohun tí n kò rí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Táyé wo iwájú, ó fọwọ́ lé orúnkún, bí gbogbo ayé ti ń ya fọ́tò. Kẹ́hìndé kò wo iwájú. Ó yíjú sí Táyé, ó ń wò ó bí ẹ̀gbọ́n ti ń wo àbúrò tí gèlè rẹ̀ wọ́ díẹ̀, tó fẹ́ bá a tún un ṣe. Mo pe Táyé, mo ní ìgbà wo ló yíjú. Ó ní iwájú lòun wò nígbà méjèèjì, kí n lọ tọ́jú ojú ara mi. N kò bá a jiyàn. Láti ọjọ́ náà mo ń wo fọ́tò yìí láràárọ̀, kò sì tíì sú mi.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ó fún yín ní ara líle àti oorun ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ará ìjọ àti ẹni tó bá béèrè mi. Nínú fọ́tò náà, ìlà dúdú tín-ín-rín kan wà láàárín Táyé àti Kẹ́hìndé, níbi tí páálí mi kò ti ṣe déédéé. Ẹ forí jì mí. Àlàbá, fà á yọ nínú àpòòwé báyìí, gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Má sọ fún Ìyá èwo ni Kẹ́hìndé.

Èmi ni ọmọ yín tó tẹ̀lé wọn wá sáyé,
Ìdòwú.