Bàámi, Ẹ Má Ha Ọ̀bẹ̀dò Àkùrọ̀ Yẹn

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àgùdà l'Ékòó níbí. Màámi ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fún wọn ní ìsinmi? Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Táíwò tí wọ́n ń bá yín ka lẹ́tà. Gbangba ni mo fẹ́ kí wọ́n ti ka lẹ́tà yìí, kí gbogbo ẹni tó ń gbin ìrẹsì ní àkùrọ̀ wa lè gbọ́.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Tó bá ti ń rọ̀, àárò ilé á mú mi, pàápàá lọ́jọ́ Àìkú tí mo bá ń dá jẹun. Iṣẹ́ ń lọ, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ pé ọ̀bẹ̀dò ni mò ń sìn, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bu omi àkùrọ̀ yín sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ ní ṣé omi ti tán l'Ékòó ni.

Bàámi, ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lórí omi yẹn, tí ẹ máa ń ha kúrò kí ẹ tó lọ́ ìrẹsì gbìn, ohun ẹlẹ́mìí ni. Nínú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá ní ilé iṣẹ́ wa ní Yábà, ó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí okùn. Gbogbo wọn ló ń fi oòrùn se oúnjẹ, àfi ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ìyẹn nípọn lára, ó sé ara rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa mú náítírójìn látinú afẹ́fẹ́, ohun kan náà tí ẹ ń wá nínú àpò fatiláísà. Ó ń pín in fún àwọn tó kù, àwọn náà ń bọ́ ọ. Tí wọ́n bá kú, tí wọ́n jẹrà sínú ẹrẹ̀, ìrẹsì á jẹ níbẹ̀. N ò ní fatiláísà ò wúlò mọ́ o, ìwọ̀nba ni ẹ ó kàn nílò.

Nínú gbogbo èyí tí mo bù káàkiri, tiyín ló tọ́jú ìrẹsì jù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún òrùlé ilé iṣẹ́ ṣe, mo kó gbogbo abọ́ rẹ̀ wá sí bálíkónì mi. Màmá Tóbi, aládùúgbò mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa tí ojú wọn ò gba ìdọ̀tí, rí i, àánú mi sì ṣe wọ́n. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ti da gbogbo rẹ̀ nù, wọ́n fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ abọ́, wọ́n dà á dé sínú oòrùn. Wọ́n ní kí n má tijú, àwọn mọ̀ pé n kì í ráyè ni. Mo dúpẹ́, mo wọlé, mo sunkún.

Ó wá ku ti inú àkùrọ̀ yín nìkan. Mo pè yín, ẹ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ ó ha á. Ẹ ní oko tí ọ̀bẹ̀dò bò, oko ọ̀lẹ ni, pé àwọn ará ibẹ̀ á ní agbára ti ń tán nínú yín. Mo gbọ́ yín, Bàámi, ó sì dùn mí, torí mo mọ bí ẹ ṣe fi ọwọ́ ara yín ní orúkọ lórí ilẹ̀ yẹn. Síbẹ̀ mo bẹ̀ yín, igun kan péré, èyí tó wà lẹ́bàá odò. Ẹ má ha á, ẹ má fọ́n oògùn koríko síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ mu níbẹ̀ o, torí irú mìíràn lè ṣe ẹran ní jàǹbá. Màá wá bu òmíràn kí oṣù yìí tó parí.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹ ìrẹsì tuntun tọmọtọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé àti àwọn ará oko. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá dúró létí àkùrọ̀, tó sì ń mi orí, ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé. Tó bá bi yín pé ta ló sọ oko yín dà báyìí, ẹ dárúkọ mi.

Èmi Àbẹ̀kẹ́ ni,
ọmọ yín.