Orúkọ tí mo fi pe olóòtú wa

Màmá mi,

Wọn ò lé mi o! Lówùúrọ̀ ni mo pe olóòtú wa ní Hamburg níbí, Ọ̀gbẹ́ni Lüders, ní "Schriftleiter", orúkọ tí ìjọba Násì tó ti ṣubú fún àwọn olóòtú, tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé. Gbogbo ọ́fíìsì yíjú wò mí.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, àwọn Schriftleiter ló lé mi kúrò nídìí iṣẹ́! Redakteur ni mí, bí wọ́n ṣe ń pe olóòtú kí Násì tó dé."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹnu mi ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnu la ó fọ̀, a ò ní gé e. Jókòó, kọ ìròyìn èédú tó wọ́n nílùú."

Mo sunkún ayọ̀. Òtútù ò fi bẹ́ẹ̀ mú mi, ebi ò sì pa mí, ẹ má fi ọ̀dùnkún yín ránṣẹ́. Ẹ kí Àǹtí Wiebke. Ẹ kí Bàbá náà, tí Rọ́ṣíà bá ti tú wọn sílẹ̀ ní àhámọ́ ogun.

Antje