Bíríkì Tí Òjò Yọ́ ní Sakin

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àfojúsọ́nà. Mo kí Bàbá Àgbà lórí ìjókòó wọn, mo kí Ìyáalé yín tó wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí ẹ bí mi, mo sì kí àbúrò mi Ráfíù tó ń ka ìwé yìí sí yín létí. Kó má fo ìlà kankan, kódà bí ojú bá ń tì í nítorí mi.

Ara mi le. Abọ́ tánganran tí mò ń tà lọ́jà Ṣábẹ̀ẹ́ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, ooru ló kù, àwọn àpáta tó yí ìlú ká sì ń gbóná bí ààrò lọ́sàn-án. Èyí tó ń dùn mí ni pé èmi nìkan ni mò ń jẹun. Ìrẹsì ife kan pọ̀ jù fún ẹnì kan, ìdajì ife kò sì tó.

Láti ìgbà tí àwọn sójà ti ń ṣèjọba ní òdìkejì ẹnubodè níbí, tó sì jẹ́ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló kù, kàmárààdì ni tọmọdé tàgbà ń pe ara wọn. Kàmárààdì dèlégé, aṣojú ìjọba ní àdúgbò wa, pe àwa ọ̀dọ́ jọ, ó ní abẹ́ igi ni àwọn ọmọ abúlé Sakin ti ń kẹ́kọ̀ọ́, kí ẹni tó bá lè ṣiṣẹ́ láìgbowó wá bá wọn kọ́ kíláàsì kan kí òjò tó dé. Àwa méjìdínlógún la jáde. Wọ́n fi mí ṣe olórí nítorí pé mo mọ ìṣirò. Inú mi dùn, Ìyá. Ọdún kẹfà mi rèé níbí, "ọmọ Ṣákí" ni wọ́n ṣì ń pè mí. Mo rò pé bí ilé yìí bá yọrí, wọn á máa pe orúkọ mi.

Mo ṣírò ògiri náà, ó gba egbèje bíríkì alámọ̀. Mo pín wa ní mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Mo kó àwọn tèmi lọ sétí odò, Piyẹ̀rì kó àwọn tirẹ̀ sókè.

Ọmọ bíbí Ṣábẹ̀ẹ́ ni Piyẹ̀rì, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí ibùdó rélùwéè. Kò mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n ó mọ orin. Tó bá ti ń tẹ amọ̀, á dá orin, á fi orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ sí i, á ní ẹsẹ̀ ẹni tó bá rẹ̀ dà bí ti àgbébọ̀ adìẹ, wọn á rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á sì máa lọ. Àwọn tèmi pàápàá ń gbe orin rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Iyán tí àwọn obìnrin Sakin ń bù fún un tóbi ju tèmi. Mo fojú wọ̀n ọ́n. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, àwọn Piyẹ̀rì ti yọ àádọ́fà bíríkì, àwa yọ ọgọ́rin. Mo bi í pé kí ló ń lé e. Ó ní, kàmárààdì olórí, ìwọ máa kà á, àwa á máa yọ ọ́. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo padà lọ tún bíríkì wa kà.

Níbí, wọn kì í fi omi lásán po amọ̀. Àwọn obìnrin a rẹ èèpo irúgbá mọ́jú, omi rẹ̀ a pọ́n, òun ni wọ́n fi ń pò ó kí ògiri lè le. A gbọ́dọ̀ dúró dè wọ́n láràárọ̀. Mo ṣírò ìdúró yẹn, ọgbọ̀n bíríkì ló ń gbà lọ́wọ́ wa lójúmọ́. Mo sọ fún àwọn tèmi pé mo ti bi àgbà mọlémọlé kan, ó ní omi odò tó. N kò bi ẹnikẹ́ni. A fi omi odò yọ àádọ́rin lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, omi irúgbá tí wọ́n bá sì gbé wá, mo dà á nù sẹ́yìn igbó. A kọjá àwọn Piyẹ̀rì. Lọ́jọ́ náà, iyán mi kò ṣẹ́ kù.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Nígbà tó dá, okòó-lé-nírinwó bíríkì ti padà di ẹrẹ̀. Tàwọn Piyẹ̀rì dúró, etí wọn nìkan ló yọ́. Baálẹ̀ Sakin wo ẹrẹ̀ náà, wọ́n wò mí. Kí n tó lanu, Piyẹ̀rì ti ní ẹ̀bi mi kọ́, ó ní odò tó sún mọ́ wa ló kún bá bíríkì wa, odò kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń kó ẹrẹ̀ jọ. Lọ́jọ́ kejì ó kó àwọn tirẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá bá wa yọ òmíràn, ó fi mí kọrin: Lásìsì tó ka ìràwọ̀ tán, òjò wá ka bíríkì rẹ̀. Mo jó sí i, tìbínú-tìbínú.

Ilé ti parí báyìí, páànù ti wà lórí rẹ̀. Nígbà tí Baálẹ̀ béèrè olórí iṣẹ́, Piyẹ̀rì tì mí síwájú, ó ní Lásìsì ni, àwa kàn ń kọrin ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n pe orúkọ mi. Ohun tí mo ti ń wá láti ọdún mẹ́fà nìyẹn, ó sì korò lẹ́nu mi bí ewúro, torí ẹni tí mò ń jowú ló bù ú fún mi. Ì bá kúkú gbà á lọ́wọ́ mi, ǹ bá rí ìdí láti kórìíra rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ omi irúgbá yẹn fún un, ẹnu mi ò gbà á. Ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. Ó ń bọ̀ wá ra táyà kẹ̀kẹ́ ní Ṣákí, mo fi ìwé yìí rán an, kí n má baà náwó sítáǹbù. Òun ni ọkùnrin tó jókòó síwájú yín yẹn, Ìyá. Piyẹ̀rì, o ti gbọ́ ọ. Jọ̀ọ́, má bínú.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí títí n ó fi dé, kó má fi omi dí ọ̀nà wa. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, kí ẹ má yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àlejò yín sùn lórí ẹní mi, ẹ sì gún iyán fún un. Kó tóbi o, ṣùgbọ́n kó má tó tèmi.

Èmi ni ọmọ yín,
Lásìsì