Ohun tí mi ò sọ nípa oògùn koríko

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Mọ̀ńgàrìbà

Mo parọ́ lónìí, níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Ẹdẹ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń pinnu irú oògùn koríko tó yẹ kí wọ́n máa tà ló wá bá wa. Wọ́n ní oògùn tí gbogbo wa ń fín sóko ẹ̀gẹ́ ni àwọn ń yẹ̀ wò, bóyá kí àwọn fòfin dè é.

Obìnrin tó ń kọ̀wé láàárín wọn bi mí pé, "Bàbá, ṣé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí nílé yín?"

Mo ní, "Rárá o."

Oko ni mò ń rò. Bí kò bá sí oògùn náà, ọkọ́ ni màá fi máa ro ó, ẹ̀yìn mi ò sì gbà á mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Sìfáwù, ìyàwó mi, ńkọ́? Òun ló gbé táǹkì oògùn náà pọ̀n lọ́dún tó kọjá tó fi jò sí i lára. Títí di òní, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Bí wọ́n bá wá torí ọ̀rọ̀ mi fi oògùn náà sílẹ̀ lọ́jà...

Bí mo ṣe délé ló béèrè pé, "Bàbá Ràfíù, ṣé ẹ sọ tèmi fún wọn?"

Mo ní mi ò sọ ọ́.

"Wọn ò ní mọ̀ nìyẹn." Ó wọlé lọ. Ì bá sàn kó bú mi.

Mo pe obìnrin òṣìṣẹ́ náà lórí nọ́ńbà tó fún wa, mo jẹ́wọ́. Ó ní kí Sìfáwù wá sí Òṣogbo lọ́jọ́ Ajé, kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Mo jíṣẹ́ fún un. Ó ní òun á lọ, ṣùgbọ́n kí n má tẹ̀lé òun.