Obìnrin tí Kò Yíjú Padà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kẹfà

Fíìmù ìfẹ́ lónìí. Ọ̀nà ọ̀fun mi ti gbẹ.

Iṣẹ́ tó jọ eré ni, àmọ́ ó ń rẹni. Tí àwọn inú fíìmù bá ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọdọ̀ la ẹnu. Ìgbà tí wọ́n bá dákẹ́ ni tèmi tó bẹ̀rẹ̀. Mo wà nínú yàrá gíláàsì mi lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àwọn tí kò ríran jókòó síwájú, wọ́n ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí, mò ń sọ ohun tí ojú mi rí fún wọn, bíi: Ó ṣí ilẹ̀kùn. Aṣọ rẹ̀ pupa. Òjò ti pa á. Òfin kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé ibẹ̀ — ó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ lu tábìlì tó bá ń sọ̀rọ̀, ìdí tí mo fi sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn — ó ní, "Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni kí o sọ. Má fi tìẹ kún un."

Rélùwéè tún wá sí fèrèsé mi lẹ́yìn fíìmù. Èmi náà ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò mọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló ń wà títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, tó wá ṣókùnkùn pátápátá. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mò ń pè é. Nínú ìwé yìí, "ó" ni — ta ló fẹ́ gbọ́?

"Màdáámú, ẹ kú ojú o." Kíkí tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nìyẹn, èmi nìkan ló ń kí bẹ́ẹ̀. Ó ní irọ́ gbuu ni fíìmù òní, pé dẹ́rẹ́bà wo ló máa dá ọkọ̀ ojú irin dúró nítorí pé ọkùnrin kan ń sáré bọ̀ pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́? Tó bá jẹ́ òun ni, wọn ò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó lé òun lẹ́nu iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó wá béèrè: kí ló ń sọ fíìmù di fíìmù ìfẹ́ gan-an? Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó.

Mo dé ilé, mo ní "ẹ kú ilé o". Ta ni mò ń kí? Fíríìjì ló dáhùn.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Kẹfà

Àbúrò mi pè. Mo bi í ní ìbéèrè Rélùwéè. Òjò ni, ó ní — fíìmù tí òjò ò bá ti pa olólùfẹ́ méjì pọ̀, kò tíì di fíìmù ìfẹ́. Òun tí kì í jẹ́ kí ìrì sẹ̀ sí òun lórí! Mo gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń béèrè ibi tí ìbọ̀sẹ̀ òun wà. Àbúrò mi dá mi dúró lórí fóònù, ó lọ bá a wá a.

Mo jowú ìbọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹfà

Mo ti rí èsì. Nínú gbogbo fíìmù tí mo ti wò láyé mi, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti káfíńtà tó ń gbé lókè yàrá aránṣọ kan. Wọn ò dì mọ́ra, wọn ò fẹnu kora wọn lẹ́nu. Àga aránṣọ yẹn ń mì láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù. Lọ́jọ́ kan aránṣọ náà ti ìta dé, ó jókòó, àga ò mì mọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ó kàn gbójú sókè, ó wo àjà. Kò sí ìgbà tí mo wò ó tí mi ò sunkún.

Ohun tí mo máa sọ fún un nìyẹn: pé kí ẹnìkan máa kíyè sí ọ, kí o má tilẹ̀ mọ̀.

Àga ìdáná tèmi náà ń mì. Páálí ni mo ká sí i lẹ́sẹ̀.

Fíìmù ọ̀sẹ̀ yìí ni mi ò fẹ́ kó dé. Ti ibùdókọ̀ ojú irin. Ó dára títí dé ìparí. Ní ìparí, obìnrin náà gbé àpótí rẹ̀, ó ń lọ, ọkùnrin náà ń wò ó, obìnrin náà ò yíjú padà. Ọkọ mi àtijọ́ náà ò yíjú padà. Mo dúró lójú fèrèsé títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀ ilé oníbúrẹ́dì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó pa dà wálé o. Ká ní ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré ni, ǹ bá mọ̀ pé mo jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹfà

Mo ti ṣe é.

Ìparí dé. Kò sí orin, kò sí ọ̀rọ̀, ìró bàtà nìkan. Gbogbo gbọ̀ngàn ń retí ẹnu mi. Mo ń wo Rélùwéè lórí àga ẹ̀gbẹ́ ògiri tó máa ń jókòó sí, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo la ẹnu láti sọ pé obìnrin náà ò yíjú padà. Ohun tó jáde ni: "Ó dúró. Ó yíjú padà. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i."

Ẹnìkan mí kanlẹ̀. Àwọn kan pàtẹ́wọ́.

Rélùwéè wá sí fèrèsé, ojú rẹ̀ tutù fún omijé. Ó ní nínú dígí ọkọ̀ lòun ti máa ń wo àwọn tó ń dágbére ní ibùdókọ̀, pé ẹni tó ń lọ kì í sábà wẹ̀yìn. Ó ní òun ti rí èsì ìbéèrè òun: ìfẹ́ ni ẹni tó bá wẹ̀yìn. "Ẹ kú ojú o, Màdáámú. Ẹ kú ojú gan-an ni."

Mo gbé èsì tèmi, ti àga aránṣọ, mì.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kẹfà

Mo sùn dáadáa. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kẹfà

Àṣírí ti tú. Ìyá kan wà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin máa ń mú wá; ìyá ò ríran, ọmọ ríran. Wọ́n ti bá ara wọn jà lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìyá ní ó yíjú padà, ọmọ ní, "Màámi, kò yíjú padà, ojú mi ló ṣe." Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ gbọ́. Ọmọ wá bá Ọ̀gá láàárọ̀ yìí.

Kọ́kọ́rọ́ lu tábìlì. Ọ̀gá ní ṣé ojú ni mo fi ń wò ó àbí ọkàn. Ó ní a máa tún fíìmù náà fi hàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí n fẹnu ara mi sọ fún wọn, kí n sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Tí mi ò bá lè ṣe é, òun á wá ojú míì.

Ẹyin lohùn. Mo ti jẹ́ kó bọ́.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹfà

Rélùwéè wá sí ọ́fíìsì, òun tí kì í wá láàárín ọ̀sẹ̀. Kò kí mi ní "ẹ kú ojú".

Ó ní, "Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi ò ní ojú mọ́, tiyín ni mo yá. Aṣọ pupa ọjọ́sí, ṣé pupa ni? Òjò yẹn, ṣé ó rọ̀? Èwo lẹ rí, èwo lẹ fi kún un?"

Mo ní ìparí yẹn nìkan ni. Mo ní mo búra.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, mi ò lè ṣe é. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ wá ilẹ̀kùn, ó sì lọ. Kò yíjú padà. Kí ló fẹ́ yíjú padà wò? Síbẹ̀ mo dúró, mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí òpònú.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kẹfà

Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Àga ń mì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kẹfà

Kí n kọ ọ́ kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi tèmi kún un.

Àga ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣófo. Mo bá wọn sọ̀rọ̀ kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìparí tí mo sọ fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ò sí nínú fíìmù. Èmi ni mo fẹ́ kó yíjú padà." Ìyá tó bá ọmọ rẹ̀ jà yẹn ló wá sọ pé, "Ó ti tó, màá máa fi tọ̀sẹ̀ tó kọjá sọ́wọ́. Máa bá iṣẹ́ ẹ lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí.

Fíìmù ti dé ìdajì nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀pá ni mo kọ́kọ́ rí. Ó lọ sí àga rẹ̀, ó jókòó, ó ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí.

Ìparí dé. Ìró bàtà. Mo ní: "Obìnrin náà ń lọ. Ó ń lọ. Kò yíjú padà. Ọkùnrin náà ṣì dúró síbẹ̀." Ohùn mi já ní "dúró". Ohùn tó já yẹn ò sí nínú fíìmù, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ Ọ̀gá ò dún.

Wọ́n ń jáde lọ. Mo ń retí. Kò sẹ́ni tó wá sí fèrèsé. Mo pa iná, mo gbé báàgì mi, mo gba ọ̀nà àtẹ̀gùn. Mo sọ fún ara mi pé n kò ní wẹ̀yìn, torí kí ni mo fẹ́ rí níbẹ̀? Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ̀pá lẹ́yìn mi.

"Màdáámú."

Mo dúró.

Ó ní, "Obìnrin tó ń lọ yẹn, ṣé ó yíjú padà?"

Mo ti yíjú padà kó tó béèrè. Ó dúró lábẹ́ iná, ó gbé etí sọ́dọ̀ mi, ó ń retí, kò sì mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ àfi tí mo bá sọ ọ́. Mi ò fi nǹkan kan kún un.

Mo ní, "Ó dúró. Ó yíjú padà. Ó ń sunkún, ó ń fi apá aṣọ nu imú. Kò rẹwà rárá."

Ó ní, "Ẹ kú ojú o."