Awọ Àgbò Tí Kò Fojú Kan Iná

Èmi, Àkíbù Àkànó Láwàl, ọmọ bíbí agbolé Láwàl ní Ìdòfin, Igbó-Ọrà, akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo jókòó kọ ìwé yìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú orí pípé àti ọwọ́ tí kì í gbọ̀n. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni kò fara balẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ lọ́la pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe, kí ó lọ bi Zachariah Gbénró, ọ̀rẹ́ mi, tíṣà àtijọ́, tó jókòó tì mí báyìí, tó sì ń bẹ̀ mí kí n yéé dìde.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ kò pamọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn dókítà ní Ìbàdàn yóò la ikùn mi. Wọ́n ní iṣẹ́ náà kò le. Ikùn tiwọn kọ́ ni wọ́n fẹ́ là.

Mo pa gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú rẹ́. Mo ti ya wọ́n, mo sì fi wọ́n dáná.

Zachariah àti ọmọbìnrin mi Mùnírátù, tó ń ránṣọ ní Èrúwà, ni mo yàn láti mú ohun tí mo kọ síhìn-ín ṣẹ. Kí wọ́n rántí òfin kan tí gbogbo akọ̀wé kóòtù mọ̀: ẹlẹ́rìí méjì ní láti fọwọ́ sí ìwé ìhágún, ẹni tó bá sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kò lè jogún ohunkóhun nínú rẹ̀. Ohun tí a bá kọ fún un ti di òfo. Zachariah ni ẹlẹ́rìí kìíní, nítorí náà mi ò fún un ní nǹkan kan. Babáwálé télọ̀ ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí kejì. A ti ránṣẹ́ pè é.

ÈKÍNÍ. Oko mi lọ́nà Ìdèrè, pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ tó wà lórí rẹ̀, mo fún ọmọkùnrin mi Abíọ́dún tó ń ṣòwò ní Ìbàdàn. Kì í ṣe pé ó mọ ọkọ́ lò. Èmi náà kò fẹ́ràn oko títí mo fi dàgbà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ máa ń pe ọmọ wálé. Kò gbọdọ̀ tà á.

ÈKEJÌ. Kẹ̀kẹ́ mi àti rédíò mi di ti Mùnírátù. Rédíò náà kì í sọ̀rọ̀ àfi bí a bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ewúrẹ́ dúdú tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ má pín in. Ti ìyá yín ni. Mò ń bá a bọ́ ọ lásán ni.

Mo dìde lọ wo ọ̀nà. Láti èṣí tí ìjọba ti ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni mo ṣì máa ń kọ́kọ́ wò. Mọ́tò Lanlate kan kọjá. Kò dúró.

ÈKẸTA. Irinṣẹ́ awọ mi: ọ̀bẹ, irin tí mo fi ń lu ihò, abẹ́rẹ́, òwú, àti ìda oyin tí mo fi ń pa òwú kó má baà tètè jẹrà. Mùnírátù ni kó kó wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè mí ní oníṣẹ́ awọ níbi ìsìnkú mi. Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí kóòtù Ọ̀yọ́, mo máa ń jókòó ti àwọn oníṣẹ́ awọ ní ìrọ̀lẹ́, títí ìran wíwò mi fi sú wọn, tí wọ́n ju abẹ́rẹ́ méjì sí mi. Mi ò fi iṣẹ́ náà jẹun rí. Ọwọ́ mi ni kò lè wà lásán. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni: ẹlòmíràn ní aṣọ, èmi ní awọ.

Mùnírátù, má ṣe fi maṣín rán pọ́ọ̀sì. Abẹ́rẹ́ méjì ni, òwú kan. Ọ̀kan á gba iwájú wọ ihò, èkejì á gba ẹ̀yìn wọ ihò kan náà, kí o tó fà á le. Òwú maṣín, bó bá já níbì kan, yóò máa tú lọ ni. Èyí, bí apá kan bá já, apá kejì kò ní jẹ́ kó tú.

ÈKẸRIN. Àwọn pọ́ọ̀sì tó wà nínú àpótí mi, kí ẹ fi tọrẹ fún ẹni tó bá wá kí yín kú ọ̀fọ̀. Abíọ́dún ní òun fẹ́ tà wọ́n ní Ìbàdàn. Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Awọ àgbò Iléyá ni gbogbo wọn, mo sì ti bi Lèmọ́mù: a lè lo awọ ẹran ọdún, a lè fi tọrẹ, a kò gbọdọ̀ tà á. Mo fi ọ̀kan lọ Zachariah, ó ní òun kò fẹ́ pọ́ọ̀sì tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

ÈKARÙN-ÚN. Yàrá méjì tó kọjú sí títì nínú ilé mi, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú wọn, mo fún ìyàwó mi Hàlímọ̀ Wúràọlá, tó wà ní ilé bàbá rẹ̀ ní Lanlate láti Iléyá èṣí. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ti gbọ́, wọ́n sì ti gbà.

Kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ ní Lanlate bó ṣe wù wọ́n. Àgbò funfun kan ni. Hàlímọ̀ ló sìn ín láti kékeré, èèpo iṣu ló fi bọ́ ọ, awọ rẹ̀ sì jọ̀lọ̀. Láti ìgbà Ààwẹ̀ ni mo ti ń wo awọ náà. Àwọn ará ibí, iná ni wọ́n fi ń jó irun àgbò, wọn á sì fi ọ̀bẹ fá a, kí awọ lè wà lára ẹran. Awọ yẹn ni àwọn àna mi ń rò bọ̀ láti Lanlate. Hàlímọ̀ lọ pàdé wọn ní gáréèjì. Kó tó dé, mo ti bó àgbò.

Wọ́n gbé ẹran síwájú àna, kò sí awọ lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bèèrè bóyá ara àgbò náà bàjẹ́ ni a fi bó o. Hàlímọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Abíọ́dún, ẹ tú àgbò mi sí ìhòòhò lójú ẹbí mi." Mo dá Hàlímọ̀ lóhùn pé ebi pọ̀nmọ́ ló ń pa á. Kì í ṣe awọ ló lé e lọ, ọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́ yẹn ni.

Ìbínú ṣì ń bẹ nínú mi. Ó lè bínú kó má lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀, ilé yìí sì fẹ̀ jù fún èmi nìkan. Ó ti wà nínú ìwé báyìí.

ÈKẸFÀ. Pọ́ọ̀sì tó wà lórí tábìlì, tí abẹ́rẹ́ méjì ń fì lára rẹ̀, ti Hàlímọ̀ ni. Awọ àgbò yẹn ni. Mo ti rán etí méjì, ó ku ẹyọ kan. Ó máa ń sọ pé etí ìró òun tó òun í di owó, kò já rí. Owó pọ́n-ùn ni mo fi wọn awọ náà kí n tó gé e, ni ìjọba bá kó owó tuntun tí wọ́n ń pè ní náírà dé lóṣù yìí. Mi ò mọ̀ bóyá yóò gbà á. Bí mi ò bá ti Ìbàdàn dé, kí Mùnírátù rán etí tó kù, bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo rán awakọ̀ kan sí i ní Lanlate. Mo ní kó sọ fún un pé mò ń lọ fún iṣẹ́ abẹ. Mi ò ní kó wá. Mo ti lọ wo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i, Zachariah sì ti gba bàtà lẹ́sẹ̀ mi.

Ọmọdé tí a rán sí Babáwálé ti padà dé. Télọ̀ ti lọ sí Ayete, ó di ọ̀la. Mọ́tò tí yóò gbé mi lọ sí Ìbàdàn ń gbéra lọ́sàn-án yìí. Gbogbo agbolé ti lọ sóko, àwọn ọmọdé ló kù nílé. Ìwé tí kò ní ẹlẹ́rìí kejì, a lè fi di àkàrà.

ÀFIKÚN. Ní ọjọ́ kan náà ni mo kọ èyí. Hàlímọ̀ ti dé. Ojú títì ni mo ń wò, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, ó fa àgbò kan lọ́wọ́. Ó kí Zachariah, kò kí mi. Mo ka gbogbo ìwé yìí fún un, títí kan ọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́, nítorí kò sí bí mo ṣe lè fò ó. Nígbà tí mo kà á tán, ó bèèrè ẹlẹ́rìí kejì. Mo ní kò sí. Ó ní kí Zachariah gbé yíǹkì wá.

Mo sọ òfin fún un: bí ó bá tẹ̀ka, yàrá méjèèjì àti ṣọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún un sọ. Ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá Abíọ́dún. Ọ̀rọ̀ yàrá, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń retí ikú yín. Èmi ń bá yín lọ sí Ìbàdàn ni, a ó sì jọ padà. Àgbò yìí á dúró dè yín. Iná ni awọ rẹ̀ yóò sì kọ́kọ́ rí."

Nítorí náà, ohun tí mo kọ fún un ní ÈKARÙN-ÚN àti ÈKẸFÀ ti di òfo. Kò lè jogún pọ́ọ̀sì náà mọ́. Ó ti ká a pẹ̀lú abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú ẹrù Ìbàdàn. Ó ní èmi ni n ó rán an tán fúnra mi lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ọwọ́ mi má baà yọ àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́nu.

Mo fọwọ́ sí i ní ìjókòó, ní Igbó-Ọrà, Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní, ọdún 1973.

Àkíbù Àkànó Láwàl

Ẹlẹ́rìí kìíní: Zachariah Gbénró, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì.

Ẹlẹ́rìí kejì: Hàlímọ̀ Wúràọlá Láwàl, ìyàwó ilé. Àtàńpàkò ọ̀tún ló fi tẹ̀ ẹ́. A sọ òfin fún un lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ̀ ẹ́.